Wúfà Lórí Àga Boadu

Afua Dufie kì í wo ojú búrẹ́dì kó tó mọ̀ pé ó ti jinná. Ìdí rẹ̀ ló máa ń kàn. Bó bá ti fa búrẹ́dì jáde lẹ́nu ààrò, á dojú rẹ̀ délẹ̀, á fi ìka kan ìdí rẹ̀, kó, kó, á tẹ́tí. Tí inú rẹ̀ bá dáhùn bí igbá òfìfo, ó jinná. Tí kò bá dáhùn, ó di inú iná padà. Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ìgbà ọmọge rẹ̀ ní Konongo, títí orúnkún rẹ̀ méjèèjì fi yi bí orúnkún ràkúnmí, torí orí ìkúnlẹ̀ ló ti máa ń bá ààrò ṣe.

Etí yẹn náà ló fi rí ọkọ fẹ́.

Ó gbé búrẹ́dì lọ sílé ẹlẹ́mu kan lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kó jókòó sórí bẹ́ńṣì kó dúró gba owó rẹ̀. Bó ṣe jókòó, nǹkan kan ń kanlẹ̀kùn lábẹ́ ilẹ̀. Ó ń ti ilẹ̀ gun ẹsẹ̀ bẹ́ńṣì, ó ń ti ẹsẹ̀ bẹ́ńṣì gun òun náà.

"Ta ló wà nísàlẹ̀ yẹn?" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń bi, Kwaku Nsiah, tó ń ta gìtá níbẹ̀.

Nsiah fi ẹnu júwe. Ọkùnrin tín-ín-rín kan jókòó lé agídìgbo. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ń tẹ irin, gìgísẹ̀ rẹ̀ ń gbá ìdí àpótí: gbì. Kò wo ẹnì kankan. Kwasi Boadu lorúkọ rẹ̀. Tí kò bá sí lórí agídìgbo, á wà nídìí ọkọ̀ agégẹdú.

Tí àwọn èèyàn bá ń yin Nsiah, Dufie á ní, "Ẹ̀yin, gìtá lẹ̀ ń gbọ́. Èmi, ilẹ̀ ni mò ń gbọ́."

Wọ́n fẹ́ra. Wọ́n bímọ. Boadu kò kọrin rí, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun tó bá fẹ́ sọ, inú àpótí yẹn ló ń sọ ọ́ sí, Dufie á sì gbọ́ ọ láti ìdí ààrò lẹ́yìnkùlé.

Ọdún tí ọyẹ́ mú gan-an ni Boadu kú. Ó jókòó sórí àga rẹ̀ ní pálọ̀, ó ní kí wọ́n bu omi fún òun. Kí omi tó dé, ó ti lọ.

Ẹbí ìyá Boadu wá, bó ṣe yẹ kí wọ́n wá. Ọmọ arábìnrin rẹ̀ ló jogún rẹ̀. Lọ́dọ̀ wọn, ta ni ì bá tún jogún ọkùnrin? Ọmọ tó bí kì í jogún rẹ̀. Wọ́n kó aṣọ, wọ́n mú aago, wọ́n gbé agídìgbo sẹ́yìn ọkọ̀, ó di abúlé. Ẹnikẹ́ni ò bínú. Àga nìkan ni wọn ò fọwọ́ kàn, torí owó búrẹ́dì ni Dufie fi rà á, gbogbo wọn ló mọ̀.

Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló kù. Nsiah ló gbà á sílẹ̀ ní pálọ̀ yẹn kan náà nígbà kan rí: gìtá, irin ọwọ́ tí wọ́n ń lù bí agogo, agídìgbo. Dufie ní kí wọ́n fi í sẹ́rọ. Gìtá jáde. Irin jáde. Ohùn Nsiah jáde. Boadu ò jáde. Sípíkà méjì tó wà lápá ọ̀tún àti òsì kọ́bọ́ọ̀dù kéré. Ohun tí wọ́n rí gbé nínú agídìgbo ò ju èékánná lọ: kẹ́, kẹ́, kẹ́. Bí adìyẹ tó ń ṣa àgbàdo.

"Ẹ pa á," ni Dufie wí. "Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ ní èékánná."

Kò jẹ́ kí wọ́n tún fi í sí i mọ́. Kásẹ́ẹ̀tì náà ti gbó. Ẹ̀rọ ti jẹ okùn rẹ̀ rí, Nsiah ló so ó pọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní ìgbàkígbà ló tún lè já. Dufie fi aṣọ ìnujú wé e, ó tọ́jú rẹ̀ sínú agolo ìyẹ̀fun tó ṣófo. Ó ní ọjọ́ tí Boadu bá lè jáde tán, ọjọ́ yẹn lòun máa gbọ́ ọ. Kó má lọ já kóun tó gbọ́ ọ dáadáa.

Ohun tó ń fẹ́ láyé nìyẹn. Kò pọ̀.

Yaw Preko ni àbíkẹ́yìn rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa bá àwọn onílé fi fèrèsé sílé. Ìdí ẹrù tòkunbọ̀ ló ti rí wúfà: àpótí dúdú kan tó ga dé orúnkún, tó wúwo bí ewúrẹ́ tó lóyún, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bí àwo fùfú.

"Maame, ohùn ìsàlẹ̀ ni iṣẹ́ eléyìí. Ohun tí àwọn kékeré yẹn ò bá lè sọ, òun ló máa bá wọn sọ ọ́."

Dufie yí i po. Ó fi ìka kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kó.

"Ó jinná," ló wí. "Níbo lo wá ń gbé e lọ yẹn?"

"Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni, Maame. Ilẹ̀ ni wọ́n ń gbé e sí."

"Ohun tí bàbá rẹ fẹ́ gbà sọ̀rọ̀? Ilẹ̀ẹ́lẹ̀? Ṣé wọ́n ń gbé àga ọba sílẹ̀ lásán nílùú yìí ni?"

"Wúfà ni, kì í ṣe ọba."

"Ìwọ lo wí bẹ́ẹ̀."

Àárín kọ́bọ́ọ̀dù ló gbé e sí. Ó sún àwòrán ìgbéyàwó sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sún fíláàsì tíì, ó sún àwo gíláàsì tí wọn ò fi jẹun rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Ó tẹ́ léèsì funfun sábẹ́ rẹ̀, ó fi òmíràn bò ó lẹ́nu. Yaw bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ó so wáyà, ó fi kásẹ́ẹ̀tì orin ìjọ sí i kí wọ́n fi dán an wò.

Gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ife ń bá ife jà. Àwo ń rìn lọ sétí pákó. Àwòrán ìgbéyàwó kọ̀yìn sí wọn.

Eno Birago pariwo láti òdìkejì ògiri. Òun àti Dufie ló jọ pààlà, wọ́n jọ dàgbà ni.

"Dufie! Inú pálọ̀ lo ti wá ń lọ àgbàdo báyìí?"

"Orin ìjọ ni!"

"Ìjọ wo? Ìjọ àwọn alágbẹ̀dẹ?"

Dufie fara dà á, torí ọ̀rọ̀ ọlá ni. Ìgbà tí fíláàsì já bọ́ tó sì fọ́ ló tó gbà kí wúfà sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ wọ yàrá, ó mú awọ àgbò kan jáde, ó tẹ́ ẹ sí kọ̀rọ̀ pálọ̀, bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ẹ síbi ẹsẹ̀ olóyè.

"Bó bá ti di ilẹ̀ náà, kò ní jẹ́ ilẹ̀ lásán."

Ẹ̀rín ń pa Yaw. Ó gbé e mì.

Nínú kọ̀rọ̀, gíláàsì dákẹ́, àmọ́ wúfà di òmùgọ̀. Ohun yòówù kí orin sọ, ọ̀kan náà lòun ń fi dáhùn: bùù, bùù. Akọ màlúù nínú kànga.

"Eléyìí ò mọ orin," ni Dufie wí. "Ọ̀fun ló kàn ní."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Nsiah kọjá láti ìjọ, ó fi ọ̀pá rẹ̀ ti ilẹ̀kùn. Ó jẹ iṣu ámpẹ̀sì àti ọbẹ̀ ewé kóńtómíre tán, ó nu ẹnu, ó ní kí wọ́n jẹ́ kóun gbọ́ nǹkan tí gbogbo àdúgbò ń rojọ́ rẹ̀. Ó gbọ́. Ó mi orí.

"Kò tíì rílé ni. Ọ̀kan lára àwọn tó ń bá wọn to irú nǹkan yìí ní Kumasi ló sọ ọ́ fún mi. Ó ní kéèyàn kọ́kọ́ gbé e sórí àga tí wọ́n ti ń gbọ́ orin. Kó máa sọ̀rọ̀ láti orí àga. Kí ẹni tó fẹ́ gbọ́ wá máa rá kiri inú ilé. Ibi tó bá ti gbọ́ ọ dáadáa jù, ibẹ̀ ni kó gbé e lọ. Bí ibẹ̀ bá ti gbọ́ àga, bẹ́ẹ̀ náà ni àga ṣe máa gbọ́ ibẹ̀."

"Àga wo?" ni Yaw béèrè.

"Sípíkà méjèèjì, ta ni wọ́n kọjú sí?"

Boadu fúnra rẹ̀ ló kọ́ sípíkà méjèèjì síbẹ̀. Àga rẹ̀ ni wọ́n kọjú sí. Láti ìgbà tó ti kú, ẹnikẹ́ni ò jókòó lé e. Àlejò tó bá fẹ́ ṣèèṣì, wọ́n á fà á lápá. Ológbò ilé pàápàá mọ̀.

Dufie dìde, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Nsiah wo Yaw, Yaw wo ilẹ̀. Wọ́n rò pé ó bínú. Ìgbà tó padà, igbá omi ló gbé dání. Ó ta díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Kwasi," ló wí, "àlejò kan fẹ́ jókòó díẹ̀. A ò fún un ní àga rẹ o. Tìẹ ló wá ṣe." Ó yíjú sí Yaw. "Gbé e. Má jẹ́ kí ìdí rẹ̀ họ ọwọ́ àga."

Wúfà jókòó. Ó kún àga bámú, ó ranjú.

"Ó fi díẹ̀ jọ Boadu," ni Nsiah wí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bẹ̀rẹ̀."

"Kí ni mo wí? Òun náà kì í sọ̀rọ̀ àfi tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́."

Dufie ò fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín.

Wọ́n fi orin àtijọ́ kan sí i, èyí tí ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń gòkè ń sọ̀ bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn. Yaw ló kọ́kọ́ rá. Ó rá yípo pálọ̀, ó dìde, ó gbọn ṣòkòtò.

"Kí lo gbọ́?" ni Dufie béèrè.

"Ó dùn."

"Níbo?"

"Níbi gbogbo."

"Ṣé etí lo fi ń gbọ́ ọ ni, àbí ikùn?"

"Èmi ì bá rá," ni Nsiah wí, "àmọ́ orúnkún mi ti fẹ̀yìntì kí èmi tó fẹ̀yìntì."

Dufie sán aṣọ rẹ̀ le, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì tilẹ̀.

Ojú ti Yaw. "Maame, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Àgbàlagbà kì í rá."

"Orí orúnkún yìí ni mo ti tọ́ ẹ dàgbà. Yà fún mi."

Ó ń rá lọ. Ó ń dẹtí sílẹ̀ bó ṣe máa ń dẹtí sí ẹnu ààrò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ohùn ìsàlẹ̀ pòórá, bí ẹni tó wọ yàrá tó tilẹ̀kùn. Ní kọ̀rọ̀, màlúù ń ké. Lábẹ́ fèrèsé, àtẹ̀gùn orin náà wà, àmọ́ wọ́n ti yọ ìgbésẹ̀ kan níbí, wọ́n yọ òmíràn lọ́hùn-ún.

Ìgbà yẹn ni Eno Birago wọlé tòun ti abọ́, iyọ̀ ló fẹ́ tọrọ. Ó bá aládùúgbò rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, ìdí lókè.

"Yéè! Kí ló sọ nù?"

Birago gbé abọ́ kalẹ̀, òun náà kúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ pa ilẹ̀ kiri.

"Ṣé yẹtí ni? Ṣé wúrà ni?"

"Dákẹ́ kí n gbọ́."

"Kí n dákẹ́ kí o gbọ́ yẹtí?"

Nsiah rẹ́rìn-ín títí tó fi ń wúkọ́. "Ìjàpá ti di méjì nílé yìí!"

"Boadu ni mò ń wá," ni Dufie wí, kò gbé orí sókè.

Birago gbójú sókè. Ó wo wúfà lórí àga. Ó wo Dufie. Kò dìde.

"Ó dáa," ló wí. "Máa wá a lọ lápá ibẹ̀ yẹn. Èmi á máa wá a lápá ibí."

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni Dufie ti dúró, níbi tí wọ́n máa ń bọ́ bàtà sí. Ó sún bàtà kúrò. Ó tẹ́tí. Orin náà gòkè, ó sọ̀, ìgbésẹ̀ kan ò dín, ọ̀kan ò ga ju èkejì lọ. Ó fi ìka kan ilẹ̀.

"Ó jinná níbí."

"Maame, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn nìyẹn," ni Yaw wí. "Ilẹ̀kùn ò ní lè ṣí tán."

"Kó ṣí dáàbọ̀."

"Àlejò ńkọ́?"

"Kí wọ́n fẹ̀gbẹ́ wọlé."

Birago wo ara rẹ̀ láti òkè délẹ̀. "Èmi ńkọ́?"

"Ìwọ, máa gba fèrèsé."

Awọ àgbò kúrò ní kọ̀rọ̀, ó di ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, wúfà gorí rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí òun àti sípíkà jọ bẹ̀rẹ̀, nǹkan kan ò sí láàárín. Òkè wà, ìsàlẹ̀ wà, àárín jìn kòtò. Nsiah ní kí Yaw wo ẹ̀yìn wúfà, bọ́tìnì kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń lọ síbí lọ sọ́hùn-ún.

"Fùfú ni," ló wí. "Ọ̀kan ń gún, ọ̀kan ń yí. Tí ọmọ odó bá ń bọ̀, ó yẹ kí ọwọ́ ti jáde. Àwọn yìí, inú odó ni wọ́n ti ń pàdé. Sún un sí apá kejì."

Yaw sún un. Ohùn kún, bí ìgbà tí wọ́n ṣí ìdérí ìkòkò. Birago ní, "Hẹ̀n-ẹ́n," kò sì mọ ìdí tó fi wí bẹ́ẹ̀.

Ó ku ibi tí wúfà ti máa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu sípíkà, bọ́tìnì tirẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́. Yaw kọ́kọ́ yí i ga jù, wúfà ń bá akọrin sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀, akọrin wá dà bí ẹni tó ń kọrin nínú àpò ìyẹ̀fun. Ó yí i wálẹ̀ títí akọrin fi jáde nínú àpò. Ó wá ku bí ohùn rẹ̀ ṣe máa lágbára tó. Ọwọ́ Yaw ń lọ sókè.

"Dín in kù," ni Dufie wí.

Ó dín in.

"Tún dín in."

"Maame, a ò ní gbọ́ ọ mọ́ o."

"Bàbá rẹ pariwo rí?"

Yaw dín in títí Birago fi ń wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. "Nǹkan yẹn, ṣé ó ṣì ń ṣiṣẹ́?"

"Yaw, pa wúfà nìkan."

Ó pa á. Pálọ̀ ṣófo. Orin ṣì ń lọ, àmọ́ ó dà bíi pé wọ́n fa ẹní lábẹ́ gbogbo wọn. Ó tún tàn án. Ẹní padà.

"Áà," ni Birago wí. "Ó wà níbẹ̀."

"Bó ṣe máa ń wà nìyẹn," ni Dufie wí.

Ó lọ gbé agolo ìyẹ̀fun. Ó tú aṣọ ìnujú. Ó gbé kásẹ́ẹ̀tì fún Yaw, ó lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, níbi tó máa ń jókòó sí. Orin àtijọ́ yẹn ṣì ń lọ. Ó gbọ́ díẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ó ti di bùù."

"Kò di bùù," ni Nsiah wí. Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Àga yẹn la ṣe é fún, Afua. Lórí bẹ́ńṣì, kò ní jinná."

Dufie dìde. Ó dúró níwájú àga náà. Ibi tí ọwọ́ Boadu máa ń wà lórí rẹ̀ ti ń dán. Okùn inú kásẹ́ẹ̀tì lè já lónìí. Tó bá já, kò sí òmíràn. Yaw di kásẹ́ẹ̀tì mú, kò fi í sẹ́rọ. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún Dufie pé kó jókòó, ẹnikẹ́ni ò sọ fún un pé kó má jókòó.

"Sún díẹ̀," ló wí fún àga.

Ó jókòó. Ó bọ́ bàtà, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì lélẹ̀. Ó mi orí sí Yaw pé kó fi í sẹ́rọ.

Gìtá Nsiah ló kọ́kọ́ dé. Irin ọwọ́ tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, agídìgbo wọlé. Kò ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn wá, kò ti ibì kankan wá, ó kàn wà láàárín wọn bí ẹni tó ti jókòó tipẹ́. Ó ń rìn jẹ́jẹ́ lábẹ́ gìtá. Nígbà tó yá, gìgísẹ̀ kan gbá ìdí àpótí.

Gbì.

Àtẹ́lẹsẹ̀ ni Dufie fi gbọ́ ọ. Ó di ojú.

Yaw Preko ò mọ̀ pé bàbá òun máa ń fi gìgísẹ̀ gbá àpótí. Tàbí ó ti mọ̀ rí, ó ti gbàgbé. Ó kọjú sí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń to àwọn ife tó ti tò tẹ́lẹ̀.

Okùn ò já. Orin lọ dé òpin rẹ̀. Ẹnì kan wúkọ́ nínú kásẹ́ẹ̀tì, ó parí.

Dufie ò tíì la ojú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sáré níparí."

"Èmi? Boadu ló sáré. Ọjọ́ yẹn náà ni mo ti sọ fún un."

"Boadu ò sáré. Mo ti gbọ́ ọ báyìí. Ẹ̀yin lẹ sáré, ó ń fà yín padà."

Nsiah fẹ́ jiyàn. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ gbá ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń ka orin náà lọ́kàn.

"Ó ń fà mí padà," ló wí níkẹyìn. "Òótọ́ ni. Gbogbo ìgbà ló ń fà mí padà."

"Iyọ̀ mi ńkọ́?" ni Birago béèrè, ó ń nu ojú.

Dufie rẹ́rìn-ín, ó ní kó lọ bù ú fúnra rẹ̀, òun ò dìde.

Kásẹ́ẹ̀tì padà sínú agolo. Wọn kì í sábà mú un jáde. Àmọ́ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, tí ìyẹ̀fun tó pò bá ń wú lábẹ́ aṣọ, tí ààrò ò tíì gbóná, Dufie á jókòó sórí àga náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀, bóyá orin wà bóyá kò sí. Ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ ò ṣí tán mọ́. Katikíìsì ìjọ ní láti gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀ níta kó tó lè wọlé. Birago ń bú, ó ń fa ikùn mọ́ra, ó ń wọlé. Ẹni tó bá kanlẹ̀kùn, orí àga ni Dufie á ti dá a lóhùn:

"Ẹ fẹ̀gbẹ́ wọlé. Èèyàn wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn."